Ehoro Inú Ilé ní Òṣogbo: Ohun Tí Wọ́n Ń Bi Mí Jù

Ehoro méjì ni mo rà fún àwọn ọmọ mi ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn. Lónìí, tẹ́ ẹ bá dé àdúgbò wa ní Òkè-Baálẹ̀, tẹ́ ẹ ní ẹ ń wá ilé eléhoro, ọmọdé ló máa mú yín wá. Èmi kì í ṣe dókítà ẹranko o. Mo kàn ti ṣe àṣìṣe tó pọ̀ ni, mo sì ti jókòó lẹ́nu ọ̀nà àwọn dókítà ẹranko títí mo fi mọ ohun tó yẹ kéèyàn sáré ṣe, àti èyí tí kò yẹ kó fọwọ́ kàn rárá. Ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí lẹ́nu géètì ni mo kó jọ síbí, bí wọ́n ṣe bi mí náà ni mo ṣe kọ ọ́.

Ọmọ mi rí chinchilla lórí fóònù, ó ní òun fẹ́. Wọ́n ní a lè rí i rà. Ṣé òótọ́ ni?

Nǹkan méjì ló ń jẹ́ orúkọ yẹn, ibẹ̀ sì ni àwọn oníjìbìtì ti ń rí àwọn èèyàn mú.

Àkọ́kọ́ ni chinchilla gan-an. Ẹranko kékeré kan ni, ìbátan èkúté, ìrù rẹ̀ rí ṣùkùṣùkù bíi ti òkẹ́rẹ́, etí rẹ̀ sì rí rìbìtì. Orí àwọn òkè Andes ní Gúúsù Amẹ́ríkà ni ilé rẹ̀, níbi tí òtútù ti ń wọ eegun. Irun rẹ̀ ki débi pé ọ̀pọ̀ irun ló ń gba ojú ihò kan ṣoṣo hù jáde. Irun yìí náà ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ìran rẹ̀ run, torí àwọn ọdẹ ń pa á láti fi awọ rẹ̀ ṣe ẹ̀wù olówó ńlá, títí Chile, Peru, Bolivia àti Àjẹntínà fi fẹnu kò ní 1910 láti fòfin dá wọn dúró. Ẹ wá wò ó: ẹranko tó wọ irú ẹ̀wù bẹ́ẹ̀, tí ooru bá ti ju 25°C lọ, ara á máa ni ín. Òṣogbo wa yìí, ní oṣù kejì àti ìkẹta, ooru ọ̀sán ń kọjá 33. Àfi kẹ́ ẹ tan éásì fún un tọ̀sán-tòru, ẹ̀yin náà sì mọ bí iná ṣe ń ṣe wá. Tí ìtọ́jú bá sì bọ́ sí i, ó lè lo ọdún mẹ́wàá sí ogún. Ta ló fẹ́ máa ra epo sí jẹnẹrétọ̀ fún ogún ọdún nítorí ẹranko tí kò tó àpò gààrí kékeré? Tèmi ni pé kẹ́ ẹ jẹ́ kí ọmọ máa wò ó lórí fóònù.

Èkejì ni ehoro Chinchilla. Ehoro ni, etí gígùn, àwọ̀ eérú. Faransé ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbé e jáde ní 1913, wọ́n sì fi orúkọ ẹranko yẹn pè é torí pé irun wọn jọra. Òun ni àwọn tó ń sin ehoro níbí ń pè ní Chinchilla tí wọ́n bá ń ka àwọn irú ehoro mìíràn bíi New Zealand White, Dutch àti California. Ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí ẹ̀yìn rẹ̀ pẹ̀lú ẹnu: irun á là, ẹ ó rí àwọ̀ tó tò ní òrùka òrùka, aró ṣíṣú nísàlẹ̀, funfun láàárín, dúdú lẹ́nu. Èmi ọmọ Òṣogbo, aṣọ àdìrẹ ló máa ń rán mi létí. Tí ẹnikẹ́ni bá ta eléyìí fún yín ní owó chinchilla, ó ti gbá yín. Ehoro ni ìyókù ọ̀rọ̀ mi dá lé lórí.

Ehoro ńkọ́? Ṣé ooru Òṣogbo ò ní pa òun náà?

Ó lè pa á. Òun ló pa àkọ́kọ́ tèmi.

Oṣù kẹta ni, ọjọ́ Jímọ̀. Mo ti gbé àgọ́ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ilé, lábẹ́ páànù kan tó lọ sílẹ̀, mo ní òòrùn ò kàn án. Òòrùn ò kàn án lóòótọ́, ṣùgbọ́n páànù yẹn ń yan ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ bí ẹni ń yan ẹ̀pà. Nígbà tí mo ti mọ́sáláṣí dé, mo bá a tó na gbalaja, agbọ̀n rẹ̀ tutù rin fún itọ́, etí rẹ̀ gbóná lọ́wọ́ mi bí ara kẹ́tùrù. Mo sáré bu omi fíríìjì, mo dà á lé e lórí. Ó gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan, ó sì kú. Dókítà sọ fún mi lẹ́yìn náà pé omi tútù nini tí mo dà lé e lójijì dá kún un.

Ehoro kì í làágùn bíi tiwa. Etí rẹ̀ ni fèrèsé rẹ̀: iṣan ẹ̀jẹ̀ tó pọ̀ níbẹ̀ ló fi ń lé ooru jáde. Tí afẹ́fẹ́ ibi tó wà bá ti gbóná ju 30°C lọ, fèrèsé yẹn ò lè ṣiṣẹ́ tó mọ́. Ẹ máa rí i tó ń mí fùkẹ̀fùkẹ̀, tí ihò imú rẹ̀ ń ṣí gbàgà, tí itọ́ ń dà, tí kò fẹ́ dìde. Ẹ gbé e lọ síbi tó tutù, ẹ fi aṣọ tí ẹ rẹ sínú omi lásán nu etí rẹ̀ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹ tan fáànù sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kì í ṣe sí i lójú. Ẹ má rì í bọ omi. Ẹ má fagbára da omi sí i lẹ́nu. Kẹ́ ẹ sì pe dókítà.

Kó má tilẹ̀ dé bẹ́ẹ̀: ẹ bu omi sínú ìgò ike, ẹ jẹ́ kó dì ní fírísà, ẹ fi aṣọ wé e, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ nínú àgọ́ láago mọ́kànlá àárọ̀. Ó máa lọ fẹ̀gbẹ́ tì í fúnra rẹ̀. Ẹ má lo píọ́ wọ́tà dídì, torí á gé ọ̀rá yẹn jẹ, ọ̀rá sì ń dí ìfun. Bí kò bá síná, ìkòkò amọ̀ tí àwọn ìyá wa fi ń pọn omi sí ṣì wà lọ́jà. Ẹ dá ọ̀kan tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ dùbúlẹ̀ nínú àgọ́, ẹ máa wọ́n omi sí ẹ̀yìn rẹ̀ lóde. Bí omi yẹn ṣe ń gbẹ ni inú ìkòkò ń tutù. Tèmi kì í kúrò níbẹ̀ títí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́.

Ibo gan-an ni kí n wá gbé àgọ́ sí?

Ibi tí atẹ́gùn ti ń gba ọ̀tún wọlé, tí ń gba òsì jáde, tí òjò ò sì lè fẹ́ dé. Tó bá jẹ́ abẹ́ páànù, ẹ fi màrìwò ọ̀pẹ bo páànù náà, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó ga ju orí yín lọ. Àgọ́ fúnra rẹ̀, kí ehoro lè fò bí ẹ̀ẹ̀mẹta kó tó kan ògiri, kó sì lè nàró kí etí rẹ̀ má kan òkè. Èyí tí káfíńtà máa ń kàn fún títà ní ọjà kéré jù. Ti adìyẹ ni wọ́n ń wò kàn án.

Ilẹ̀ wáyà máa ń bó wọn lẹ́sẹ̀. Ẹ tẹ́ pákó pẹrẹsẹ sí ìdajì rẹ̀.

Ẹsẹ̀ àgọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ ki wọ́n bọ inú agolo tó ní omi àti ọṣẹ díẹ̀, nítorí ìjàlọ. Ẹni tí kò rí i rí á rò pé mò ń ṣe àsọdùn: ìjàlọ á wọ́ wá lóru lẹ́yìn òjò, wọ́n á sì jẹ ọmọ ehoro tán kí ilẹ̀ tó mọ́. Ejò ń wá ọmọ náà, nítorí náà kí ihò nẹ́ẹ̀tì má gbà ju ìka ọwọ́ kan lọ. Ológbò àti ajá kò tilẹ̀ ní láti wọlé. Ìpayà nìkan lè mú kí ehoro fò lu ògiri kó kán ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀.

Karọ́ọ̀tì ni ehoro ń jẹ, àbí?

Fíìmù ọmọdé ló kọ́ wa bẹ́ẹ̀. Karọ́ọ̀tì lọ́dọ̀ ehoro dà bíi súìtì lọ́dọ̀ ọmọ yín: ẹyọ kékeré kan lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ó tó.

Koríko ni oúnjẹ. Nínú ohun tó ń jẹ lójúmọ́, kí bí ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá jẹ́ koríko, tútù tàbí gbígbẹ, kó má sì tán níwájú rẹ̀. Ìfun rẹ̀ ò gbọdọ̀ dúró, okùn inú koríko ló sì ń tì í lọ. Níbí, a ò lè sọ pé a ò rí i. Eésún wà létí odò, yánrin àti yúnyun wà lẹ́yìn ilé gbogbo ẹni tí kò tíì fi símẹ́ńtì bo àgbàlá rẹ̀ tán. Ewé ọ̀dùnkún dára, ewé ìbẹ́pẹ dára, háhá àgbàdo tútù dára. Ní ọ̀gbẹlẹ̀, ẹ lọ bá àwọn Hausa tó ń ta àgbò, ẹ ra ewé ẹ̀pà gbígbẹ lọ́wọ́ wọn. Ẹ kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀ o. Tó bá ti ń rùn bí aṣọ tó pẹ́ nínú omi, ó ti bu, ẹ má rà á. Tó bá sì ku díẹ̀ kí Iléyá dé, ẹ rà á ṣáájú, torí owó rẹ̀ máa ń gun igi.

Ewé tí ẹ já nígbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, ẹ sá a síbòji kó rọ kẹ́ ẹ tó fún un, kó má bàa wú u níkùn. Gbúre kún fún omi jù. Díẹ̀ ni kẹ́ ẹ fún un. Ẹ má já ewé létí títì tí wọ́n ti fín oògùn apakòríko. Mo máa ń wo àwọn tó ń já a lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà níbi tí koríko ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ ní apá kan, tí wọn ò bi ara wọn léèrè ohun tó fà á.

Àwọn tí kò gbọdọ̀ kàn án lẹ́nu: ewé lápálápá, ewé lárà, ewé píà, ewé ẹ̀gẹ́ tútù, àlùbọ́sà, ẹ̀wà tútù. Búrẹ́dì àti gààrí ò ní pa á lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ń ba ikùn rẹ̀ jẹ́. Fíìdì ehoro, ìkúnwọ́ kékeré kan lóòjọ́ tó fún èyí tó wọn kílò méjì. Ẹ má fi ti adìyẹ rọ́pò rẹ̀ torí pé ó wọ́n: oògùn tí wọ́n ń pò mọ́ fíìdì adìyẹ kan lè pa ehoro. Omi ńkọ́? Ehoro kan lè mu ìdajì píọ́ wọ́tà lóòjọ́, nígbà ooru ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìgò olómi tó ń kán dára, ṣùgbọ́n ẹ máa fọwọ́ kan ẹnu rẹ̀ láràárọ̀ kẹ́ ẹ mọ̀ pé kò dí.

Mo rí i tó ń jẹ ìgbẹ́ ara rẹ̀! Ṣé orí rẹ̀ ti dàrú ni?

Rárá. Irú ìgbẹ́ méjì ló ń ṣu. Èyí tó le bí ẹ̀wà ni ẹ ń gbá dànù. Èyí tó rọ̀, tó so jọ bí ìṣù ọsàn àjàrà, inú rẹ̀ ni fítámì wà. Láti ìdí ló ti ń gbà á jẹ, lóru tàbí láàárọ̀ kùtù. Ẹ má dí i lọ́wọ́. Tí èyí tó rọ̀ bá ń lẹ̀ mọ́ ọn nídìí láìjẹ ẹ́, fíìdì ti pọ̀ jù, koríko ò tó.

Ìtọ̀ rẹ̀ pọ́n bí ẹ̀jẹ̀.

Ó sábà máa ń jẹ́ àwọ̀ ewé tó jẹ. Tó bá pọ́n kálẹ̀, tí ara ehoro dá, ẹ fọkàn balẹ̀. Tó bá jẹ́ ìlà ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀ tó mọ́, tàbí tó ń tiraka kó tó tọ̀, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Láti àná ni kò ti jẹun. Ṣé kí n wò ó di ọ̀la?

Ẹ má wò ó di ọ̀la! Nínú gbogbo ohun tí mo kọ síbí, èyí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú dání jù. Ajá lè gbààwẹ̀ ọjọ́ kan. Ehoro ò lè ṣe é. Tó bá ti tó wákàtí méjìlá tí kò jẹ, tí ìgbẹ́ rẹ̀ sì ti di wúńrẹ́wúńrẹ́ tàbí kò sí rárá, ìfun rẹ̀ ti ń dúró nìyẹn. Afẹ́fẹ́ á kún un, ìrora á mú un, ìrora yẹn náà ni kò ní jẹ́ kó jẹun. Kò sì lè bì.

Ẹ máa rí i tó ká jọ sí igun, tó ń wa eyín pọ̀. Ẹ fetí sí ikùn rẹ̀: bí ikùn tó dáa ṣe máa ń ṣe kurukuru, tirẹ̀ á dákẹ́, tàbí kó máa ró bí ìlù.

Ẹ tún wo ẹnu rẹ̀. Eyín ehoro kì í yé hù títí tó fi máa kú, koríko ló sì ń lọ̀ ọ́. Èyí tó ń jẹ fíìdì nìkan, eyín ẹ̀yìn rẹ̀ á mú, á máa gún un láhọ́n, kò sì ní lè jẹ. Itọ́ lágbọ̀n ni àmì rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìgékánná gé eyín iwájú rẹ̀ o. Ó máa ń là dé gbòǹgbò.

Mo fún un ní oògùn tó kù nílé, ó wá burú sí i.

Mo ti retí ìbéèrè yìí. Télọ̀ kan ní àdúgbò wa, èèyàn dáadáa, rí i pé ehoro òun ń sín. Ó tú amoxicillin tó kù lára tọmọ rẹ̀, ó pò ó mọ́ omi. Ìgbẹ́ gbuuru ló bẹ̀rẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ehoro ti lọ. Amoxicillin, ampicillin àti àwọn ìbátan wọn, tí wọ́n bá gba ẹnu wọlé, ń pa àwọn kòkòrò rere tó ń bá ehoro da oúnjẹ nínú ìfun, àwọn búburú á sì gbilẹ̀, wọ́n á máa tú májèlé jáde. Oògùn tó wo ọmọ yín sàn yẹn náà ni. Oògùn eégbọn ajá tó ní fipronil náà ò gbọdọ̀ kan ara rẹ̀.

Tí kò bá sí dókítà tó mọ ehoro dáadáa nítòsí yín, ilé ìwòsàn ẹranko ti Fásitì Ìbàdàn àti ti Ìlọrin wà. Ẹ gbé e sínú agbọ̀n tí atẹ́gùn ń wọ̀, ẹ fi koríko sí i, kẹ́ ẹ sì gbéra kí òòrùn tó yọ.

Inú etí rẹ̀ ti di èépá, ó ń gbọnrí ṣáá.

Èkúrá etí ni, kòkòrò tíntìntín ló ń fà á. Ẹ má fọwọ́ ṣí èépá yẹn kúrò, ó ń dun ún ju bẹ́ ẹ ṣe rò. Ẹ má fi kẹrosíìnì pa á, ẹ má fi ọ́ìlì mọ́tò pa á. Mo mọ̀ pé wọ́n á ti gbà yín nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀. Dókítà á fún un ní ivermectin, ó níye tí wọ́n ń wọ̀n fún un gẹ́gẹ́ bó ṣe tóbi, wọ́n á sì tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ fọ àgọ́, ẹ sá a sóòrùn. Tó bá jẹ́ imú àti ọwọ́ ló ń bó, irú èkúrá yẹn lè mú kí ara ẹ̀yin náà máa yún yín. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́.

Ehoro mẹ́ta kú lọ́jọ́ kan láìṣàìsàn. Ṣé ayé ni?

Mi ò mọ ti ayé. Ṣùgbọ́n ní 2020, àrùn kan tí àwọn dókítà ń pè ní RHD jà ní Kwara, tó bá wa pààlà lókè níbí, ó sì gbá ọ̀pọ̀ ehoro lọ. Fáírọ́ọ̀sì ló ń fà á. Alẹ́ ni yóò jẹun dáadáa, àárọ̀ ni ẹ óò bá a ní kíkú, nígbà mìíràn pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ lẹ́nu ihò imú. Kò sí oògùn tó ń wò ó. Kì í mú èèyàn. Ẹsẹ̀ wa, aṣọ wa, eṣinṣin àti koríko ló ń gbé e kiri. Nítorí náà, ehoro tuntun yòówù kẹ́ ẹ rà, ibikíbi tẹ́ ẹ ti rà á, kó dá gbé fún bí oṣù kan kẹ́ ẹ tó dà á pọ̀ mọ́ ti ilé. Èyí tó kú, ẹ sin ín jìn. Ẹ má tà á. Ẹ pe dókítà ẹranko kẹ́ ẹ tó gba òmíràn.

Báwo ni ọmọdé ṣe lè gbé e?

Kì í ṣe ní etí. Ọwọ́ kan lábẹ́ àyà, ọwọ́ kejì kó ìdí rẹ̀ mọ́ra, kó fẹ̀gbẹ́ ti àyà ẹni. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ lágbára gan-an. Tó bá tàpá sófuurufú, ó lè ṣẹ́ ara rẹ̀ lẹ́yìn. Tèmi, ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́jọ, ilẹ̀ ló ń jókòó sí, ehoro á wá bá a.

Ṣé mo lè wẹ̀ ẹ́? Rárá. Ó ń nu ara rẹ̀.

Akọ kan, abo kan ni mo rà. Ṣé wọ́n lè jọ gbé?

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ di olóko ehoro. Oyún rẹ̀ kì í ju nǹkan bí ọjọ́ mọ́kànlélọ́gbọ̀n lọ, ọjọ́ tó bá sì bímọ gan-an ló tún lè lóyún. Ẹ yà wọ́n kí wọ́n tó pé oṣù mẹ́ta. Akọ méjì tó ti bàlágà ń ja ìjà tí ẹ̀jẹ̀ ń wà nínú rẹ̀.

Tí abo bá ti ń fa irun àyà rẹ̀ tu, ẹ yáa fún un ní àpótí tí ẹ tẹ́ koríko sí, ìbímọ ti dé. Irun yẹn ló fi ń tẹ́ ibùsùn ọmọ. Wọ́n á tún sáré wá bá mi pé ìyá ti kọ ọmọ sílẹ̀, torí wọn ò rí i kó fún wọn lọ́mú. Ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ ló ń fún wọn, fún ìṣẹ́jú díẹ̀ péré, kì í sì í jẹ́ kéèyàn rí òun. Ẹ fọwọ́ kan ikùn ọmọ láàárọ̀: tó bá yó kọ̀ǹdọ̀, tó sì lọ́ wọ́ọ́rọ́, ìyá rẹ̀ ti wá.

Ìgbà wo lẹ máa pa ìyẹn jẹ?

Màmá tó ń ta àgbàdo sísè níwájú ilé wa ló ń bi mí ní èyí láràárọ̀. Kò bí mi nínú. Ẹran ehoro dùn, mo sì mọ àwọn tó ń sìn ín tà tí wọ́n fi ń rán ọmọ níléèwé. Ṣùgbọ́n èyí tó kù lọ́dọ̀ wa, Eérú, ti lé ní ọdún márùn-ún, ó sì lè lo tó mẹ́jọ sí mẹ́wàá. Mo sọ fún màmá pé ẹran rẹ̀ á ti le bí bàtà báyìí. Wọ́n ní kí n gbé e wá, kí àwọn fi iná bi í léèrè. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n kó háhá àgbàdo wá fún mi, ọ̀rá ńlá kan kún dẹ́múdẹ́mú, wọ́n ní kí n máa fún un jẹ, kó sanra dáadáa kó tó di ọdún.